Aṣọ Búlúù Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́

Ìyá kan wà tí kọ́kọ́rọ́ mẹ́tàdínlógún rọ̀ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀, tí kò sì sí ti ilé tirẹ̀ nínú wọn. Kì í ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ló dé, á ní, "Kí ni olè fẹ́ wá jí? Kọ́kọ́rọ́? Ilé òfìfo ló máa jí yẹn. Kó yáa mú ìgbálẹ̀ dání, kó wá bá mi gbá a."

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò mọ̀wé, kò ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n òun ni alágbàtà ilé ní abúlé náà. Ẹni tó fẹ́ ta ilé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tó fẹ́ ra ilé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọ̀hún kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí iṣẹ́. Ilé rẹ̀ ni èèyàn máa kọ́kọ́ rí tó bá ń wọ abúlé, òun náà ló sì máa rí kẹ́yìn tó bá ń lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó òbí wọn lọ sí ìlú ńlá, ẹni tó bá ti di ẹrù tán á yà lọ́dọ̀ rẹ̀, á ní, "Ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ yìí dání. Ẹ máa bá mi yọjú síbẹ̀." Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́fà. Nígbà tó yá, àwọn tó ní kó máa bá àwọn yọjú wá ń ránṣẹ́ pé kó kúkú bá àwọn tà á.

Kò lè kọ orúkọ onílé sára kọ́kọ́rọ́, nítorí náà ó ń fi àjákù aṣọ ṣe àmì. Èyí tó ní ìlà pupa, ara ṣẹ́ẹ̀tì awakọ̀ tó kó lọ ló ti wá. Èyí tó rí bí ewé, ara aṣọ fèrèsé opó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ni. Ní gbogbo Sátidé, á kó wọn sínú abọ́, á gbé ìgbálẹ̀ sábẹ́ apá, á máa ṣí ilé kiri. Á ṣí fèrèsé, á gbá ilẹ̀, á yọ aláǹtakùn nípò, á dúró díẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé. "Bí èèyàn ni ilé rí," ó máa ń wí. "Tí ò bá mí, á kú."

Òfin kan ló ní lórí iṣẹ́ rẹ̀: kì í fi ilé han ẹni tí ebi ń pa. Ó ní ẹni tí ebi ń pa, bí ẹ mú un wọ ààfin, á ní òrùlé rẹ̀ wọ́. Bí ẹni tó fẹ́ ra ilé bá dé, á kọ́kọ́ mú un gba iwájú ilé oníbúrẹ́dì kọjá, kí òórùn búrẹ́dì gbígbóná lè bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n á kí onígbàjámọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá wọ ilé oúnjẹ tó wà lójú títì, níbi tí Olóbẹ̀ wà.

Olóbẹ̀ ni àbúrò Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́, ọmọ ìyá kan náà. Tábìlì gígùn méjì ló wà nínú ilé oúnjẹ rẹ̀, àti bẹ́ǹṣì mẹ́rin tí ìdí èèyàn ti fọ̀ títí wọ́n fi ń dán. Fèrèsé ńlá kan kọjú sí títì. Ìkòkò ọbẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ láti àárọ̀, ìkẹ́tùlù tíì á sì máa súfèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tó ń wá ẹni tí yóò bá a ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti aṣọ búlúù. Oníbàárà àkọ́kọ́ tí ìyá yìí mú wá láyé ọjọ́un, ọkùnrin alápò awọ kan ni. Ọjọ́ tó dé, ilé oúnjẹ kún fọ́fọ́, kò rí ibi jókòó sí. Ó dúró títí ẹsẹ̀ fi ro ó, ó bínú, ó wọ mọ́tò, ó di àwátì. Ojú ti Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ débi pé kò lè jẹun alẹ́. Ó pe àwọn ará abúlé jọ, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, tí mo bá sá aṣọ búlúù mi sórí okùn níwájú ilé, àlejò ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún un. Ẹ jẹ́ kó rí àyè."

Àwọn èèyàn náà gbà. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Bí aṣọ búlúù bá ti yọ, kálukú á gbé àwo rẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé jáde, wọ́n á máa jẹun lórí ìdúró láàárín adìyẹ. Ẹni tó fẹ́ fá irun á sọ fún onígbàjámọ̀ pé òun á padà wá. Ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì á dúró sẹ́yìn ògiri. Nígbà tó pẹ́, ó mọ́ wọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò dúró de aṣọ mọ́. Bí mọ́tò àjèjì kan bá ti dúró lójú títì báyìí, wọ́n ti dìde.

Àlejò ń wá, àlejò ń lọ. Ẹni kìíní dé, ó jẹun, ó wo ilé, ó ní òun á ronú sí i. Ẹni kejì dé, ó jẹun, ó wo ilé, ó ní òun á bá ìyàwó òun sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni kẹta, títí dórí ẹni kọkànlá. Ẹni tó lọ ronú kò ronú dé. Ẹni tó lọ bá ìyàwó sọ ọ́, bóyá ìyàwó kò sí nílé. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ní ilé ló lẹ́bi. Ó ní kí wọ́n kun ògiri ọ̀kan, ó tún ilẹ̀kùn òmíràn ṣe, ó gbin òdòdó síwájú ẹ̀kẹta. Pàbó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Olóbẹ̀ wọlé wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò jókòó. Ó na ọwọ́, ó ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ ni. Ó ti fa okùn aṣọ ìdáná rẹ̀ ya, ó so ó mọ́ ọn.

"Ẹ bá mi fi í kọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kọ́kọ́rọ́ ibo nìyí?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ mọ̀ ọ́n. Kò mú un. "Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹnì kankan ò ṣẹ̀ mí. Àwọn ará ibí ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ife tíì kan ni wọ́n fi ń jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Àwọn tó ń kọjá lójú títì ló yẹ kó gbé iṣẹ́ yìí ró, wọn ò sì yà mọ́. Wọ́n á dúró, wọ́n á yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á tún wọnú mọ́tò wọn. Ṣé ọbẹ̀ mi ti burú ni?"

"Ọbẹ̀ rẹ? Ẹni tó bá ní ó burú, kó gbé ahọ́n rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn."

"Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo ti gbé e dé ibi tí agbára mi mọ. Ìparí oṣù yìí ni mo máa pa iná. Ọmọ mi ti ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun nílùú."

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó kan ìṣó kejìdínlógún mọ́ ògiri, ó fi í kọ́. Ogún ọdún ó lé ló ti ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ, kò rò ó rí pé ti ọmọ ìyá òun á wà níbẹ̀. Àwọn méjì péré ló kù nínú ọmọ márùn-ún. Bí eléyìí bá lọ, ta ni yóò máa pè é ní ẹ̀gbọ́n?

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí awakọ̀ kan jíṣẹ́ fún un. Ó ní obìnrin kan tó ń rán bàtà ń wá ilé tó kọjú sí títì, ó ti gbọ́ pé ilé oúnjẹ náà wà fún títà, òun ló sì fẹ́. Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀. Ọdún mélòó ni kò fi rí ẹni ra ilé kan, èyí tí kò fẹ́ tà ni wọ́n wá ń tọrọ. Ṣùgbọ́n alágbàtà kì í kọ oníbàárà, àbúrò rẹ̀ ló sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ó fọ aṣọ búlúù, ó ká a, ó fi í dúró de Ọjọ́bọ̀.

Ní Ọjọ́rú, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí oṣù parí, òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, kò dá. Àwọn tó fẹ́ lọ sóko kò lè lọ. Kò sẹ́ni tó jáde wá fá irun. Gbogbo wọn bá wọ́ lọ sílé oúnjẹ, torí wọ́n mọ̀ pé ó ku ọ̀la kí iná kú. Wọ́n fún ara wọn mọ́ bẹ́ǹṣì, ooru ọbẹ̀ bo gíláàsì fèrèsé, aṣọ tútù ń rú èéfín lára wọn. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ lápò, ó ti ń múra de ọ̀la.

"Ẹ káàbọ̀ o, alágbàtà tí ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n!" onígbàjámọ̀ kí i.

"O ṣeun, onígbàjámọ̀ tí orí tirẹ̀ pá."

"Ìpolówó ọjà ni tèmi. Ẹ ò rí bó ṣe mọ́ tónítóní?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin kan yọ, ó rin gbingbin, ó gbé àpótí onígi kan sáyà bí ọmọ. Omi ń kán nímú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè wà?"

Ó ti mọ́ wọn lára láti dìde fún àjèjì. Ẹni méjì gbéra. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n fẹ́ lọ? Ẹ̀yìnkùlé ti di odò. Wọ́n tún jókòó padà.

"Àyè kì í tán lórí bẹ́ǹṣì," onígbàjámọ̀ ní. "Ìdí èèyàn ló ń tóbi jù. Ẹ sún, ẹ sún! Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí."

"Búrẹ́dì mi lò ń jẹ, o tún ń bú ìdí mi," ìyá oníbúrẹ́dì dáhùn, ṣùgbọ́n ó sún.

Obìnrin náà há ara rẹ̀ sáàárín wọn. Olóbẹ̀ gbé ọbẹ̀ àti búrẹ́dì ka iwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ títí abọ́ fi mọ́. Ó ní kí wọ́n bu òmíràn. Nígbà tí ara rẹ̀ móoru, ojú rẹ̀ lọ sábẹ́ tábìlì.

"Bàbá, bàtà yín ń ké ebi o."

Òótọ́ ni. Bàtà ọ̀tún onígbàjámọ̀ ti ya ẹnu bí ẹja tó jáde nínú omi, ó ti tó ọdún kan. "Kò sẹ́ni tó lè rán an níbí," ó ní. "Èmi náà ti wá ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́."

"Ẹ bọ́ ọ."

Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú irin ṣóńṣó kan jáde pẹ̀lú òwú líle, ó gbé bàtà náà lé orúnkún, ó ń gún un, ó ń fa òwú. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ tẹjú mọ́ ọn. Aránbàtà! Ọ̀la ló pè, òní ló dé. Ìyá náà fi ọwọ́ bo kọ́kọ́rọ́ tó wà lápò rẹ̀.

"Ibo lẹ̀ ń lọ nínú òjò yìí?" ìyá oníbúrẹ́dì bi í.

"Ibí náà ni mò ń bọ̀, mà. Ọ̀la ló yẹ kí n wá, òní lọkọ̀ tó gbé mi ń bọ̀ lápá ibí. Ilé kan ni mo fẹ́ wò. Ilé oúnjẹ tó wà lójú títì."

Ìkẹ́tùlù nìkan ló ń súfèé.

"Ilé oúnjẹ mélòó lẹ ní níbí?" obìnrin náà béèrè, ó ṣì ń fa òwú. "Torí èyí tí mò ń wí, kò sẹ́ni tó ń jẹun níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá wo ilé níbí lọ́dún tó kọjá. Ó ní wọ́n mú òun wọ ilé oúnjẹ kan tó mọ́ bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde. Oúnjẹ dùn o, ó ní, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń gbọ́ bí ẹnu òun ṣe ń dún. Ó kọjá níwájú onígbàjámọ̀, kò rí orí kan lórí àga. Ó dé ilé oníbúrẹ́dì, kò sẹ́ni tó ń rà. Ó ní ibi tí onílé kò bá ti jẹun, kí àlejò má fọwọ́ kan àwo. Ó sá." Ó gé òwú pẹ̀lú eyín. "Ìyẹn ni mo ṣe ní ibẹ̀ gan-an ni mo máa rà. Níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń jẹun níbẹ̀, kò ní dun ẹnikẹ́ni tí mo bá sọ ọ́ di ilé bàtà."

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àlejò ló ríran, onílé ni kò rí nǹkan kan.

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ dìde. "Ilé oúnjẹ kan ṣoṣo la ní, ọmọ mi. Òun lo jókòó sí yìí. Èmi ni mo mú ẹ̀gbọ́n rẹ wá. Èmi ni mo ní kí àwọn èèyàn yìí máa dìde fún àlejò, kí wọ́n lọ sẹ́yìnkùlé. Mo rò pé àyè là ń fún wọn." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ ní àwọn èèyàn ń yọjú, wọ́n ń lọ. Èmi ni mo lé wọn. Aṣọ mi ni."

Olóbẹ̀ dúró pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ má nìkan ru ẹ̀bi náà, mà," onígbàjámọ̀ ní, ó ń fi ẹsẹ̀ kan wá bàtà. "Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé àwo. Adìyẹ ti jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ mi tó ìgbà mẹ́ta nítorí àlejò. Mo ní ìwà rere là ń hù."

"Àṣejù ni," ìyá oníbúrẹ́dì ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìwà rere náà ní ìwọ̀n."

Aránbàtà ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo abọ́ méjì tó ti jẹ mọ́. "Ẹ gbọ́ ná. Tí mo bá ra ibí, ibo ni mo ti máa jẹun?"

"Ìyẹn ni mo fẹ́ bi ọ́," Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ní. "Ṣé o yó?"

"Mo yó, mà."

"Ó dáa. N kì í fi ilé han ẹni tí ebi ń pa. Dìde, ká lọ."

Wọ́n yà mú kọ́kọ́rọ́ kan nílé ìyá náà, wọ́n kọjá sí òdìkejì títì nínú òjò, sí ṣọ́ọ̀bù tí aláṣọ kan ti tì pa lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Òórùn aṣọ tuntun ṣì wà lára pákó ibẹ̀. Omi ń kán ní igun kan, ìyá náà sì tọ́ka sí i. "Wò ó dáadáa. Òjò ló ń jẹ́ ká mọ ìwà ilé. Ibẹ̀ nìkan ló ń jò, n ò ní parọ́ fún ọ." Aránbàtà wo òrùlé, ó wo ògiri, ó rìn dé ojú fèrèsé. Láti ibẹ̀, ó ń rí ilé oúnjẹ gedegbe, èèyàn ń lọ, èèyàn ń bọ̀ lẹ́yìn gíláàsì tí ooru ọbẹ̀ bò. Ó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀ sábẹ́ fèrèsé náà, ó sì jókòó lé e. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ mọ̀ pé ilé ti rí èèyàn.

Ṣùgbọ́n Olóbẹ̀ kò tètè rọ̀. Nígbà tí òjò dá tí àwọn èèyàn ti lọ, ó ní, "Aránbàtà kan ò lè jẹ ìkòkò kan tán, ẹ̀gbọ́n mi."

"Fún mi lóṣù mẹ́ta."

"Oṣù kan."

"Ṣé ọjà lò ń ná fún mi ni? Oṣù méjì."

"Oṣù méjì. Kò ní lé ọjọ́ kan."

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ lọ sílé, ó mú aṣọ búlúù, ó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó fi ṣe ìnulẹ̀. Ó wá lọ láti ojúlé dé ojúlé. Òfin tuntun dé: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dìde. Ìyẹn ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù kan kọ́kọ́ dúró, tí awakọ̀ rẹ̀ yọjú, onígbàjámọ̀ ti gbé àwo kó tó rántí. Gbogbo ilé pariwo, "Jókòó!" Ẹ̀rù ba awakọ̀, òun náà jókòó wìì, ó jẹ abọ́ méjì. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi ipá gba àlejò báyìí rí, pé òun á mú ẹnìkejì òun wá. Ó sì mú un wá. Àwọn tó ń kọjá wá rí mọ́tò níwájú, wọ́n rí orí èèyàn lójú fèrèsé, wọ́n ní á jẹ́ pé ó dùn níbẹ̀. Ẹni tó wá rán bàtà á ní kí òun jẹun díẹ̀ kí aránbàtà tó rán an tán. Ẹni tó wá jẹun á rántí pé bàtà òun ti jẹ.

Kì í ṣe pé gbogbo ilé tà o. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rìndínlógún ṣì ń lọ sínú abọ́ ní Sátidé, ti ilé oúnjẹ sì ti padà sórí ìṣó rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọjọ́ tí oṣù méjì pé, Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ jókòó sí pálọ̀ láti àárọ̀. Ó ń to àjákù aṣọ, ó ń tú u, ó tún ń tò ó. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Olóbẹ̀ wọlé. Kò jókòó. Ó rìn tààrà lọ síbi ògiri, ó yọ kọ́kọ́rọ́ tí okùn aṣọ ìdáná wà lára rẹ̀, ó jù ú sápò.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè, kò gbójú sókè.

"Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi ló já sínú ìyẹ̀fun, n ò rí i mọ́."

"Ṣé kí n wá bá ọ wá a?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ wá jẹun ni. Ẹ tètè wá o, ìjókòó ò tó."

Ó ti jáde. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ wo ìṣó tó ṣófo náà títí. Ó dìde, ó fi ọwọ́ mì í, ó fà á yọ, ó sì mú un dání lọ sójú títì, torí aránbàtà ti ní ìṣó òun ń tán.